Orí Keje: Ìbẹ̀rù Aráàlú àti Yíyan Ibùdó fún Ríákítọ̀ Núkílíà

Èròǹgbà orí yìí

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

- ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín àṣẹ ibùdó àti àṣẹ láti kọ́ ilé iṣẹ́;
- to ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń gbà yẹ ibùdó wò ní Amẹ́ríkà lẹ́sẹẹsẹ;
- pín ìbéèrè aráàlú sí oríṣi mẹ́rin, kí ó sì sọ ìdáhùn tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu;
- fi ohun tó kọ́ wo àwọn ibùdó tí ìjọba Nàìjíríà ti dárúkọ.

7.1 Ẹ̀rọ lọ́tọ̀, ilẹ̀ lọ́tọ̀

Ní orí tó ṣáájú, a rí bí ríákítọ̀ ṣe ń fi ooru yùréníọ̀mù sọ omi di oru, tí oru náà sì ń yí ẹ̀rọ tó ń mú iná mànàmáná wá. Ohun tó kù ni láti mọ ibi tó yẹ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jókòó sí, ẹni tó ń pinnu rẹ̀, àti bí ó ṣe yẹ kí a dá àwọn tó ń gbé nítòsí lóhùn nígbà tí ọkàn wọn kò bá balẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ pò wọ́n pọ̀. Ṣé ẹ̀rọ yìí dára? Ṣé ilẹ̀ yìí gbà á? Ẹ̀rọ tó dára lè di ewu lórí ilẹ̀ tí kò bá a mu. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011, nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Japan, àwọn ríákítọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Fukushima Daiichi pa ara wọn bó ṣe yẹ. Omi òkun tó tẹ̀ lé e ló dá wàhálà sílẹ̀. Ìgbì náà ga tó nǹkan bíi mítà 14, bẹ́ẹ̀ àwọn tó kọ́ ibẹ̀ kò ṣírò pé omi yóò ga tó mítà 6. Omi bo ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀, iná kú, ohun tó ń mú ríákítọ̀ tutù dáwọ́ dúró, èròjà inú ríákítọ̀ mẹ́ta sì yọ́. Àwọn tó fi ilé wọn sílẹ̀ lé ní 150,000. Ọ̀rọ̀ ibùdó ni èyí jẹ́ kó tó di ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Èrò tí orí yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìbéèrè aráàlú wà lára àyẹ̀wò ibùdó, bí wíwọn ilẹ̀ àti omi ṣe wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń fúnni láṣẹ ni láti mọ irú ìbéèrè tí wọ́n bi í, kí ó sì wá ìdáhùn tó bá a mu. Amẹ́ríkà la ó ti mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àpẹẹrẹ wa, nítorí pé ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gba ilé ẹjọ́, ìpàdé àti ìwọ́de kọjá níbẹ̀.

7.2 Ihò tó wà ní Bodega Head

Bodega Head jẹ́ ilẹ̀ kan tó yọ ṣóńṣó sínú òkun Pàsífíìkì, ní àríwá San Francisco, ìpínlẹ̀ California. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ amúnáwá PG&E fẹ́ kọ́ ríákítọ̀ síbẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n ń pè ní San Andreas, níbi tí ìpele ilẹ̀ ńlá méjì ti ń fara gbún ara wọn, kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Òun náà ló fa ìmìtìtì ilẹ̀ tó ba San Francisco jẹ́ ní ọdún 1906. Síbẹ̀, kí àṣẹ tó jáde, ilé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò ńlá tí ríákítọ̀ yóò wọ̀.

Àwọn apẹja, àwọn tó ń sin màlúù fún wàrà, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ dìde. Ní ọdún 1963, wọ́n tú bàlúùnù bíi 1,500 sílẹ̀ láti etí òkun náà. Wọ́n so ìwé mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti sọ fún ẹni tó bá rí i pé ibi tí atẹ́gùn gbé bàlúùnù dé ni atẹ́gùn lè gbé èròjà olóró dé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Wọ́n pe onímọ̀ nípa ilẹ̀ kan, Pierre Saint-Amand, pé kó wá wo ibẹ̀. Ó rí àmì pé àpáta ti là nínú ihò gan-an. Àwọn onímọ̀ ìjọba tó ń yẹ ilẹ̀ wò náà sì rí ojú ibi tó là náà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1964, ìmìtìtì ilẹ̀ tó lágbára gidigidi ṣẹlẹ̀ ní Alaska. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn sọ pé a ṣì lè kọ́ ríákítọ̀ náà láìséwu. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ tó ń fúnni láṣẹ ní tiwọn sọ pé ibùdó náà kò dára. PG&E kó ẹrù rẹ̀. Omi ti kún ihò náà títí di òní, àwọn ará ibẹ̀ sì ń rìn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Àwọn tó kọ́kọ́ pariwo kì í ṣe ẹnjiníà. Àwọn kan bẹ̀rù, àwọn kan kàn fẹ́ràn ẹwà etí òkun wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ìbéèrè wọn nípa àpáta náà tọ̀nà, bí wọn kò bá sì bèèrè, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má wo inú ihò náà dáadáa.

7.3 Bí òfin ṣe dé ibi tó wà

Ìlànà tó wà nílẹ̀ lónìí kò jáde láti orí tábìlì àwọn onímọ̀ nìkan. Ẹjọ́ àti jàǹbá wà lára ohun tó kọ ọ́.

*1962.* Àjọ AEC, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ átọ́ọ̀mù nígbà náà, fi òdiwọ̀n ibùdó lélẹ̀. Ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní àṣẹ pátápátá lórí ilẹ̀ tó yí ríákítọ̀ ká. Lẹ́yìn ilẹ̀ yẹn, agbègbè tí èèyàn kò pọ̀ sí ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ bá tó nǹkan bí 25,000 gbọ́dọ̀ jìnnà ju ààlà agbègbè náà lọ.

*1971.* Òfin tó ń dáàbò bo àyíká ti jáde ní ọdún tó ṣáájú, ṣùgbọ́n àjọ AEC kò fẹ́ wo ọ̀rọ̀ àyíká níbi ìgbẹ́jọ́ àyàfi bí ẹnì kan bá fẹjọ́ sùn. Nínú ẹjọ́ Calvert Cliffs, ilé ẹjọ́ ní Washington sọ pé àjọ náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọn ohun tí ilé iṣẹ́ yóò ṣe sí omi, ilẹ̀ àti ohun abẹ̀mí, yálà ẹnì kan sọ̀rọ̀ tàbí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀.

*1975.* AEC ló ń gbé agbára núkílíà lárugẹ, òun náà ló tún ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó ń polówó ọjà kò lè tún jẹ́ ẹni tí a ó fi ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n lé lọ́wọ́. Wọ́n pín in sí méjì, àjọ NRC sì gba iṣẹ́ àbójútó.

*1980.* Lẹ́yìn jàǹbá Three Mile Island ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1979, òfin sọ pé ètò pàjáwìrì gbọ́dọ̀ wà fún gbogbo ẹni tó ń gbé láàárín máìlì 10 sí ríákítọ̀. Ètò fún oúnjẹ àti omi gbọ́dọ̀ wà títí dé máìlì 50.

*1989.* NRC dá ìwé àṣẹ ibùdó sílẹ̀ lọ́tọ̀. Ilé iṣẹ́ lè mú ilẹ̀ wá fún àyẹ̀wò ṣáájú kó tó mọ irú ríákítọ̀ tí yóò kọ́.

7.4 Ìgbésẹ̀ àyẹ̀wò ibùdó

1. Ilé iṣẹ́ kọ ìwé ìbéèrè. Ó sọ nínú rẹ̀ bí ilẹ̀, omi, ojú ọjọ́ àti iye èèyàn agbègbè náà ṣe rí, àti bóyá ohun kan wà tó lè dí àwọn èèyàn lọ́nà bí wọ́n bá ní láti sá.
2. Àjọ NRC wá sí àdúgbò náà, ó ṣe ìpàdé ìta gbangba, ó sì bèèrè ohun tó yẹ kí òun yẹ̀ wò.
3. Ikọ̀ méjì ń ṣiṣẹ́: ọ̀kan ń wo ààbò, ìkejì ń wo àyíká.
4. Wọ́n gbé ìwé àkọ́kọ́ nípa àyíká jáde. Ẹnikẹ́ni lè kọ lẹ́tà tàbí kó dìde sọ̀rọ̀. Ìwé ìkẹyìn gbọ́dọ̀ dáhùn ohun tí àwọn èèyàn sọ.
5. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ àjọ náà ka iṣẹ́ ààbò, wọ́n sì kọ èrò tiwọn.
6. Ìgbẹ́jọ́ wáyé níwájú ìgbìmọ̀ adájọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn lè bẹ̀bẹ̀ láti wọlé gẹ́gẹ́ bí olùfisùn, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ohun kan pàtó tí kò tọ́, kó sì mú ẹ̀rí tàbí onímọ̀ dání. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ fẹjọ́ sùn, ìgbẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ wáyé.
7. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ dáadáa, ìwé àṣẹ jáde fún ọdún 10 sí 20. Ìwé àṣẹ yìí kò tíì gba ẹnikẹ́ni láyè láti kọ́ ríákítọ̀ tàbí láti tan án. Àṣẹ mìíràn ló ń ṣe ìyẹn.

Ibùdó Clinton ní ìpínlẹ̀ Illinois ló kọ́kọ́ gba irú ìwé àṣẹ yìí, ní oṣù Kẹta ọdún 2007.

Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ṣàkíyèsí ìgbésẹ̀ kẹrin àti ìkẹfà. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ ní ìpàdé kò nílò lọ́yà, ìdáhùn nìkan ló sì ń gbà. Ẹ̀sùn níwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ lè yí ìpinnu padà, ṣùgbọ́n ó ń gba owó àti ìmọ̀. Ọ̀pọ̀ ìbínú ló ń wá láti àárín méjèèjì: ẹnì kan bọ́ síwájú nínú gbọ̀ngàn, ó sọ ohun tó ń dùn ún ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì rò pé wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ òun. Àjọ tó bá fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́ yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.

7.5 Oríṣi ìbéèrè mẹ́rin

*(a) Ìbéèrè tí ìwọ̀n lè dáhùn.* "Ṣé ilẹ̀ ibí máa ń mì? Báwo ni omi ṣe lè ga tó?" Ìdáhùn rẹ̀ ni kí a wọ̀n ọ́n, kí a sì fi ìwọ̀n náà hàn. A gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ìwọ̀n náà parí sí pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, ilẹ̀ mì nítòsí ilé iṣẹ́ North Anna ní ìpínlẹ̀ Virginia, ó sì mì ju bí wọ́n ti ṣírò nígbà tí wọ́n ń kọ́ ríákítọ̀ méjèèjì ibẹ̀. Àwọn ríákítọ̀ náà pa ara wọn láìsí jàǹbá, àyẹ̀wò sì gba títí di oṣù Kọkànlá kí wọ́n tó tún tan wọ́n. Ẹni tó bá ti sọ fún aráàlú tẹ́lẹ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ láé ti tẹ́. Ẹni tó sọ pé "báyìí la ṣe ṣírò rẹ̀, àlàfo tí a fi sílẹ̀ nìyí" ṣì lè dúró níwájú wọn.

*(b) Ìbéèrè tó ń béèrè àtúnṣe.* North Anna yìí kan náà la ó lò. Adágún odò kan tó ń jẹ́ Lake Anna ló ń fún ilé iṣẹ́ náà lómi. Ilé iṣẹ́ ló dí odò láti fi ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n nígbà tó yá àwọn èèyàn kọ́lé sí etí rẹ̀, wọ́n ń pẹja, wọ́n sì ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ní ọdún 2003, ilé iṣẹ́ Dominion béèrè àṣẹ ibùdó fún ríákítọ̀ tuntun níbẹ̀. Èrò rẹ̀ àkọ́kọ́ nípa ríákítọ̀ kẹta ni pé kí ó fa omi adágún, kí ó fi tu ẹ̀rọ lára, kí ó sì dá omi gbígbóná náà padà.

Àwọn ará etí adágún bèèrè: báwo ni omi wa yóò ṣe gbóná tó? Bí ọ̀dá bá dé, báwo ni yóò ṣe fà tó? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹja? Àjọ ìpínlẹ̀ Virginia tó ń rí sí àyíká náà bèèrè bẹ́ẹ̀. Tábìlì ìṣirò mìíràn kò lè tán irú ìbéèrè yìí, nítorí pé omi gbígbóná yóò kúkú gbóná. Ní ọdún 2006, Dominion yí ètò náà padà: ríákítọ̀ kẹta yóò lo ilé gíga ìtutù tó ń fi omi àti atẹ́gùn ṣiṣẹ́ pọ̀, dípò kí ó máa da omi gbígbóná sínú adágún. Nítorí àyípadà yìí, NRC tún kọ àfikún ìwé àyíká, ó sì tún gba ọ̀rọ̀ ẹnu aráàlú lẹ́ẹ̀kan sí i. Àṣẹ ibùdó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2007. Ohun tó mú kí a kọ èyí sínú ìwé ni pé ìdáhùn tí wọ́n fún àwọn ará etí adágún ṣeé fojú rí: ètò ẹ̀rọ yí padà.

*(c) Ìbéèrè tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíràn.* "Níbo ni ẹ ó kó egbin rẹ̀ lọ?" Nínú gbogbo ìpàdé, ìbéèrè yìí máa ń jáde. Òfin ọdún 1982 sọ pé ìjọba àpapọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba èròjà tí ríákítọ̀ ti lò ní ọdún 1998. Ní 1987, àwọn aṣòfin yan Yucca Mountain ní Nevada pé ibẹ̀ ni wọn yóò sin ín sí. Ìpínlẹ̀ náà kọ̀ jálẹ̀, kò sì sí egbin kankan níbẹ̀. Èròjà náà ṣì wà ní ibùdó tí wọ́n ti lò ó, nínú adágún omi àti nínú àpótí irin àti kọnkéré. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ sọ pé NRC kò fi ẹ̀rí tó pọ̀ tó gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ibi ìsìnkú egbin yóò wà bó bá yá. NRC dáwọ́ àṣẹ ìkẹyìn dúró títí di 2014, nígbà tó ṣe òfin mìíràn.

Ìdáhùn tó tọ́ sí irú ìbéèrè yìí ni òtítọ́ mẹ́ta: ohun tí àwa lè ṣe níbí nìyí, ohun tí a kò lè ṣe nìyí, ẹni tó lè ṣe é sì nìyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye owó iná, àti bóyá oòrùn tàbí gáàsì sàn ju núkílíà lọ: ilé aṣòfin àti àjọ ìpínlẹ̀ ló ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àjọ tó bá ń dáhùn ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ń dá ìjà sílẹ̀ fún ọ̀la.

*(d) Ìbéèrè ìgbẹ́kẹ̀lé.* "Kí ló dé tí a ó fi gbà yín gbọ́?" Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n ń kọ́ North Anna àkọ́kọ́, wọ́n rí i pé àpáta abẹ́ ibùdó náà là ní ojú kan. Àyẹ̀wò fi hàn pé ibẹ̀ kò mì mọ́ láti ayé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ ọ kò sọ gbogbo òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn tó ń fún un láṣẹ, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Àpáta kò ṣe nǹkan kan, ẹnu ló bà á jẹ́. Ìwọ̀n kò lè wo irú ọgbẹ́ yìí sàn. Ìwé tó ṣí sílẹ̀, àjọ tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá purọ́, àti ọ̀rọ̀ tí kò yí padà láti ìpàdé kan sí òmíràn ló lè wò ó, díẹ̀díẹ̀.

7.6 Shoreham: nígbà tí ìbéèrè pẹ́ dé

Long Island, ní ìpínlẹ̀ New York, jẹ́ erékùṣù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ gba ojú títì jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, síbi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ New York City wà. Ilé iṣẹ́ amúnáwá LILCO gba àṣẹ láti kọ́ ríákítọ̀ sí Shoreham ní ọdún 1973, kí òfin pàjáwìrì máìlì 10 tó wà. Nígbà tí òfin yẹn dé, ẹ̀rọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ní oṣù Kejì ọdún 1983, ìjọba káúńtì Suffolk kéde pé kò sí ètò kankan tó lè kó àwọn èèyàn jáde láìséwu, Gómìnà Mario Cuomo sì gbè wọ́n lẹ́yìn. NRC fún ilé iṣẹ́ náà láṣẹ láti tan ríákítọ̀ ní ọdún 1989, ṣùgbọ́n ọdún yẹn kan náà ni LILCO ti gbà láti tà á fún àjọ ìpínlẹ̀ ní dọ́là kan ṣoṣo. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 6 dọ́là ni wọ́n ti ná. Àwọn tó ń sanwó iná ló gbé púpọ̀ nínú gbèsè náà.

Ọ̀nà àbájáde jẹ́ ìbéèrè ibùdó. Erékùṣù náà ti tẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n tó da kọnkéré àkọ́kọ́. Ìdí nìyí tí ìwé ìbéèrè ibùdó òde òní fi gbọ́dọ̀ sọ bóyá ohun ńlá kan wà tó lè dí àwọn èèyàn lọ́nà. Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀: ìjọba ìbílẹ̀ ló ní ọlọ́pàá, ọ̀nà àti bọ́ọ̀sì ilé ìwé tí ètò náà nílò. Ẹni tí a kò bá bi léèrè níbẹ̀rẹ̀ lè di ẹni tí a kò lè ṣe láìsí rẹ̀ ní ìparí.

7.7 Kí ni èyí kàn wá ní Nàìjíríà?

Ìjọba Nàìjíríà dá àjọ tó ń rí sí agbára átọ́ọ̀mù sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 1976. NNRA, tó ń ṣe àbójútó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Ríákítọ̀ kékeré kan fún ìwádìí ti ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, láti 2004. Fún ríákítọ̀ ńlá tó ń mú iná wá, ìjọba ti dárúkọ ibùdó méjì: Geregu, nítòsí Ajaokuta ní ìpínlẹ̀ Kogi, àti Itu ní Akwa Ibom.

Odò Ọya ló gba ẹ̀bá Ajaokuta kọjá. Lókè odò náà ni Lokoja wà, níbi tí Odò Ọya àti Benue ti pàdé, tí àkúnya omi sì ti bo ilé àti títì ní 2012 àti 2022. Ìyẹn jẹ́ ìbéèrè (a). Àwọn apẹja àti àgbẹ̀ etí odò lè béèrè bí omi yóò ṣe gbóná tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò fà. Ìyẹn jẹ́ (b). Egbin àti owó iná bọ́ sí (c). Bí àwọn Ebira, Ìgalà àti Yorùbá Okun tó wà ní ìpínlẹ̀ náà bá béèrè pé kí ni iṣẹ́ irin Ajaokuta tí wọ́n ti ń kọ́ láti ìgbà Ṣàgàrí, tí kò tíì parí, fi ṣe wọ́n lóore, (d) nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ìṣirò ìmìtìtì ilẹ̀ dá irú ìbéèrè yẹn lóhùn.

Òfin àyẹ̀wò àyíká Nàìjíríà ti ọdún 1992 fún aráàlú láyè láti ka ìwé iṣẹ́ ńlá, kí wọ́n sì sọ èrò wọn. Bí wọn yóò ṣe lò ó dáadáa dúró lórí bí wọ́n bá gbé ìwé náà síta ní èdè tí àwọn ará etí odò ń sọ, ní àkókò tí ètò ẹ̀rọ ṣì ṣeé yí padà.

Àkópọ̀

Àṣẹ ibùdó ń dáhùn bóyá ilẹ̀ gbà; àṣẹ kíkọ́ ń dáhùn bóyá ẹ̀rọ dára. Ìbéèrè aráàlú lè jẹ́ ti ìwọ̀n, ti àtúnṣe, ti ẹlòmíràn, tàbí ti ìgbẹ́kẹ̀lé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí a fi ìdáhùn (a) dá gbogbo wọn lóhùn. Bodega Head fi hàn pé ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ lè béèrè ohun tó tọ̀nà. Lake Anna fi hàn pé ètò lè yí padà. Shoreham fi hàn iye tí ìbéèrè tó pẹ́ dé ń náni.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀rọ̀ tí èèyàn sọ ní ìpàdé ìta gbangba àti ẹ̀sùn níwájú ìgbìmọ̀ adájọ́? Ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wúlò fún?
2. Fi ìbéèrè wọ̀nyí sí (a), (b), (c) tàbí (d), kí o sì sọ ìdí rẹ: "Ṣé ọmọ wa yóò ríṣẹ́ níbẹ̀?" "Báwo ni ìró ẹ̀rọ náà yóò ṣe pọ̀ tó lóru?" "Ta ni yóò san owó bí wọ́n bá pa á tì?" Ìbéèrè kan lè bọ́ sí ju ibì kan lọ.
3. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà onímọ̀ gbà pé kí wọ́n kọ́ ríákítọ̀ sí Bodega Head, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ kò gbà. Bí ìwọ bá ní láti pinnu, kí ni ìwọ yóò fẹ́ mọ̀ kí o tó yàn?
4. Iṣẹ́ ẹgbẹ́: ẹ pín kíláàsì sí mẹ́rin, kí ẹgbẹ́ kan jẹ́ ilé iṣẹ́, ìkejì apẹja Geregu, ìkẹta ìjọba ìbílẹ̀, ìkẹrin NNRA. Ẹ ṣe ìpàdé ìta gbangba fún ogójì ìṣẹ́jú. Ẹgbẹ́ NNRA yóò kọ gbogbo ìbéèrè sílẹ̀, yóò sì sọ èyí tí òun kò lágbára láti dáhùn àti ẹni tó yẹ kí wọ́n lọ bá.